Kí Ẹ Tó Sọ Pé "Bounce Back": Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Gẹ̀ẹ́sì Tí À Ń Sọ fún Ẹni Tó Ṣubú

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ àti oorun ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ tí ẹ wá jókòó sí Yaba níbí, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Mo rí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tẹ́júoṣó, mo rí àwọn nọ́ọ̀sì tó wá láti Ìdí-Àràbà, mo sì rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yabatech lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan gbogbo wa.

Kò sí ẹni tí kì í ṣubú. Iná lè jó ọjà, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni, àìsàn lè dá èèyàn gúnlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Èkó lónìí, tó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ fi kí onítọ̀hún, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu wa: "You will bounce back." A ó kọ ọ́ sórí WhatsApp, a ó fi àwòrán ẹ̀ṣẹ́ tó dì sí i lẹ́yìn. Ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná ń gbà á. Ẹni tó fèèlì JAMB ń gbà á. Opó tí a kò tíì sin ọkọ rẹ̀ náà ń gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Ibi tí à ń lò ó sí ni mo ń bá wí. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ṣì wà nílẹ̀, ó ní fún ẹni tó ń rápálá dìde, ó ní fún ẹni tó ti dìde tán. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sì í sọ fún ọmọ ilé ìwé ni pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí fi àyè sílẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́, àwọn mìíràn kò fi àyè kankan sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, yóò mọ ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ ká ti ibùsùn aláìsàn bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ara ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1945 ni ibẹ̀ di ilé ìwòsàn. Rehabilitation ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé kí á mú èèyàn padà débi tí yóò ti lè ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ẹbí lọ síbẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí. Ìyá àgbà kan á dúró láàárín irin gbọọrọ méjì tó ga dé ìbàdí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á di irin mú, òógùn á máa ṣàn ní iwájú orí rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìrìn á dúró tì í lẹ́yìn, á di bẹ́líìtì tí wọ́n so mọ́ ọn ní ìdí mú gírígírí. Ẹsẹ̀ kan, ìsinmi. Ẹsẹ̀ kejì, ìsinmi. "Ẹ ṣe é, mọ̀mí. Ẹ tún gbé e." Bí ìyá bá fẹ́ yẹ̀, ọwọ́ tó wà lẹ́yìn yẹn kò ní jẹ́ kó kanlẹ̀.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa rántí gbólóhùn náà, back on your feet. "She is back on her feet": ó ti dìde, ó ti ń rìn. "She is getting back on her feet": ó ń bọ̀, kò tíì dé. "They helped her get back on her feet": ọwọ́ ẹnìkan wà ní bẹ́líìtì rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú gbólóhùn yìí ni pé ó gba olùrànlọ́wọ́ láyè láìfi àbùkù kan ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́. Ó sì ti kúrò ní ilé ìwòsàn lọ sí ọjà tipẹ́. "The loan put me back on my feet" ni oníṣòwò máa ń sọ bó bá gba owó yá tí owó náà sì gbé e dìde. Ó rọrùn fún wa láti lò nítorí àwa náà máa ń sọ pé ẹnìkan ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀, tàbí pé wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ fetí sí èyí. "On the mend" túmọ̀ sí pé ara ti ń yá. "He has turned the corner" túmọ̀ sí pé ibi tó le jù ti kọjá. Kò túmọ̀ sí pé ó ti yá. "Not out of the woods yet", ewu ṣì ń bẹ. Tẹ̀lé not ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́. Bí dókítà bá sọ fún ẹbí pé "your mother has turned the corner", tí ẹbí gbọ́ ọ bí "ìyá yín ti gbádùn", wọ́n lè lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi kí wọ́n sì má ra oògùn ọjọ́ Ajé. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Bí àìsàn bá padà, relapse ni. Bí àìsàn bá ti lọ ṣùgbọ́n tí agbára kò tíì dé, convalescent ni wọ́n ń pe onítọ̀hún, láti ara ọ̀rọ̀ Látìnì kan tó jẹ mọ́ níní okun. Kò sí ní wọ́ọ̀dù mọ́, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé korobá omi.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí recover, nítorí òun ni mo rí i pé ó ń da ọ̀pọ̀ nínú yín rú nínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí báǹkì àti sí onílé.

Recover àti recuperate, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Látìnì ni wọ́n ti wá, ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ wọn ni kí èèyàn gba ohun tó sọnù padà. Nítorí náà ni ọlọ́pàá fi ń "recover" ọkọ̀ tí wọ́n jí, tí ilé iṣẹ́ AMCON tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2010 sì fi ń "recover" gbèsè báǹkì. Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè rí mọ̀ bí "debt recovery" ṣe ń dún létí. Ṣùgbọ́n bí from bá tẹ̀lé e, nǹkan yí padà. "I recovered the loss" ni pé owó tó sọnù ti padà sọ́wọ́ mi. "I recovered from the loss" ni pé èmi fúnra mi ti padà bọ̀ sípò, bóyá owó náà padà tàbí kò padà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Bí ẹ bá kọ̀wé sí báǹkì pé "I have recovered my losses" nígbà tí ohun tó wà lọ́kàn yín jẹ́ pé ẹ ti ń gbérí díẹ̀díẹ̀, báǹkì yóò ní kí ẹ máa san gbèsè wọn láti ọ̀la, wọn kò sì jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ni "I am recovering from the loss." Am wà níbẹ̀, ing wà níbẹ̀, from wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń gbà yín sílẹ̀.

Àwọn tó wà ní Tẹ́júoṣó nígbà náà yóò jẹ́rìí mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni iná jó ọjà yẹn, ọdún Kérésìmesì ku dẹ̀dẹ̀, ọjà kún inú ṣọ́ọ̀bù dé òrùlé. Ọdún 2014 ni wọ́n tó ṣí ọjà tuntun. Gẹ̀ẹ́sì á sọ pé "the market was rebuilt", òótọ́ ni. Á sọ pé "the market reopened", òótọ́ ni. Àmọ́ kí á tó lè sọ pé "the traders recovered", ó yẹ kí á wá ìyá tó ń ta lééṣì níbẹ̀ ní 2007 kàn, kí á bi í pé níbo ló ti ń tà láti ìgbà náà, ta ló san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, ṣé ó rí owó ṣọ́ọ̀bù tuntun san. Ilé lè dìde kí ẹni tó ń gbénú rẹ̀ wà nílẹ̀. Rebuild jẹ́ ti bíríkì àti símẹ́ńtì, recover jẹ́ ti èèyàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan rọ́pò èkejì níwájú yín.

Ìjọba náà máa ń fẹ́ràn recovery. Nàìjíríà bọ́ sínú recession ní ọdún 2016, wọ́n kéde pé a jáde ní 2017, ìwé ètò ìjọba tó jáde lọ́dún náà sì ń jẹ́ Economic Recovery and Growth Plan. A tún bọ́ sí i ní 2020, a tún jáde lọ́dún yẹn kan náà. Jíjáde kúrò nínú recession kò ju pé ọrọ̀ ajé ti dẹ́kun jíjábọ́. Ẹni tó ti jábọ́ sínú kòtò kò tíì bọ́ sókè nítorí pé kò jábọ́ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ "exit from recession" lórí rédíò, kì í ṣe irọ́. Ẹ ṣáà má gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ "recovered".

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Rowe Park.

Níbí ní Yaba la wà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìṣubú àti ìdìde, inú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló ti jáde. Òfin Queensberry tó jáde ní ọdún 1867 ni gbogbo akànṣẹ́ òde òní ń tẹ̀ lé. Ó sọ pé ẹni tó bá ṣubú ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti dìde, ó sì fi kún un pé láìsí ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn. Ọmọkùnrin náà wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ojúgun rẹ̀ ń gbọ̀n. Rẹfirí dúró lé e lórí, ó ń ka iye, ó ń fi ìka hàn án. Ẹni tó kọ́ ọ láti kékeré dúró sẹ́yìn okùn pẹ̀lú omi àti tówẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ó ń pariwo "Dìde! Dìde!", ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá fọwọ́ kàn án, ìjà ti parí.

Ìyẹn ni orísun "down but not out": ó ṣubú, wọn kò tíì ka mẹ́wàá. "On the ropes" ni ẹni tí wọ́n ti tì mọ́ okùn, tó ń fi apá bo orí. "Saved by the bell", agogo ló gbà á. "Throw in the towel", ẹni tó wà lẹ́yìn okùn ló rí i pé ó tó, ó ju tówẹ́ẹ̀lì sí ojú agbo, ó gbà pé àwọn ti fìdí rẹmi. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni olùrànlọ́wọ́ ti wọ inú rẹ̀, ẹ sì rí i pé ìgbà tó wọlé ni ìjà dópin.

Àní "scratch" tí gbogbo yín ń sọ pé ẹ ní láti "start from scratch", ìlà ni, ìlà tí wọ́n fi nǹkan ha sílẹ̀ fún àwọn tó ń sáré ìje, kí ẹni tí wọn kò fún ní àyè kankan ṣíwájú ti ibẹ̀ gbéra. Bí iná bá kó gbogbo ọjà lọ tí kò ku nǹkan kan, ó bá a mu. Bí ó bá ku kọ́sítọ́mà, tó ku orúkọ rere, tó ku ẹni tó lè fi ọjà sílẹ̀ fún ọ láìgba owó, o kò bẹ̀rẹ̀ láti scratch. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí oníṣòwò ogún ọdún ń sọ pé òun ti padà sí scratch. Orúkọ rẹ kò jóná o.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí gbólóhùn ìjà ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn gidi, ẹ wo ìtàn Dick Tiger, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba láàárín ọdún 1955 sí 1956, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti fi máàkì borí rẹ̀. Kò padà sílé. Ní 1962 ó lu Gene Fullmer ní San Francisco, ó gba bẹ́líìtì àgbáyé ti ìwọ̀n middleweight. Ní oṣù Kẹjọ 1963, ó gbèjà bẹ́líìtì náà níwájú àwọn èèyàn wa ní pápá Liberty Stadium n'Ìbàdàn, ó sì tún borí Fullmer. Kí ọdún tó parí, Joey Giardello gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1965 ló tó rí Giardello bá jà padà ní New York, ó sì gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó gùn sókè sí ìwọ̀n light heavyweight, ó gba ti ìyẹn náà.

Níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìjà mẹ́rin yẹn, "he bounced back". Ní 1965, "he regained the title", nítorí pé ohun tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbà padà. Ti 1966 kì í ṣe regain, nítorí kò ní in rí. "He won" ni. Bí ẹ bá ń kọ̀wé nípa ara yín, ẹ má sọ pé ẹ regain ohun tí ẹ kò ní rí. Ẹni tó bá ka ìwé yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgbà tí ó ti sọnù.

Ní ti bọ́ọ̀lù, mi ò ní pẹ́. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ rántí oṣù Kejì ọdún 1989 ní Dammam, Saudi Arabia, nígbà tí àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ogún ọdún ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Soviet Union. Mẹ́rin sí òdo ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Àwọn ọmọ wa dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n sì fi pẹ̀nárítì borí. "Nigeria came from behind" ni wọ́n ń sọ fún ìyẹn. Ó yàtọ̀ sí bounce back: ẹni tó bá "come from behind", ìdíje ṣì ń lọ nígbà tó ṣe é. Ẹni tó bá "bounce back", ó ti pàdánù tán, ìgbà mìíràn ló wá borí.

Wàyí o, mo ti dé orí bounce back gan-an. Bọ́ọ̀lù ló ń bounce. Ó kanlẹ̀, ó tún fò sókè, kíákíá, láìsí ọgbẹ́, láìbẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, inú gbólóhùn yìí ni ìyára wà. Ó dára fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó pàdánù ní Sátidé tó borí ní Ọjọ́rú. Ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́ tó gba máàkì burúkú nínú tẹ́ẹ̀sì kan tó gba èyí tó dára nínú èkejì. Ó sì dára jù lọ nígbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán, tí à ń sọ ìtàn rẹ̀: "She bounced back." Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ẹni tí èéfín ṣì ń rú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun tí ẹ ń sọ ni pé kó tètè ṣe, kó sì dá a ṣe. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ẹ sì rántí pé bounce lásán, tí back kò tẹ̀lé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ṣẹ́ẹ̀kì tó bá bounce, kò sí owó nínú àkáǹtì ẹni tó kọ ọ́, òfin ilẹ̀ wa láti ọdún 1977 sì lè fi onítọ̀hún sẹ́wọ̀n. Mo gbọ́ tí oníṣòwò kan ń fi ìdùnnú sọ fún aláṣẹ báǹkì pé "my business has bounced". Ẹ̀rù ba ọmọ báǹkì náà gidi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé back.

Ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ọn ni resilience. Inú Látìnì, fífò padà sẹ́yìn ló ti wá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lò ó fún igi àti irin tó lè tẹ̀ kó má kán. Ní ọdún 1973, C. S. Holling, onímọ̀ nípa igbó àti ẹranko, lò ó láti fi wọn bí ìyọnu tí igbó kan lè fara dà ṣe pọ̀ tó kí ó tó di nǹkan mìíràn pátápátá. Gbogbo ìyẹn dára. Ohun tí ń bí mi nínú ni bí àwọn olóṣèlú àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn ṣe sọ ọ́ di oríkì wa: "the resilience of Lagosians". Ìgbà wo ni wọ́n ń kì wá bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí omi bá wọ ilé, tí iná ìjọba kò bá sí, tí owó ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì. Wọ́n ń yìn wá pé a tẹ̀, a kò kán. Igi tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń dán wò kì í bẹ̀bẹ̀, àwa ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ má fi resilience kí ẹni tí ẹ lè ràn lọ́wọ́. Ẹ ràn án lọ́wọ́.

Ìyẹn ló mú mi dé orí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé jù, àwọn tí olùrànlọ́wọ́ wà nínú wọn.

"Tide over". Ara omi òkun tó ń kún tó sì ń fà ló ti wá. "Can you lend me something to tide me over till month end?" Owó díẹ̀ tó máa gbé mi kọjá ni mò ń bẹ̀, kì í ṣe owó tó máa sọ mí di olówó. Bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí, ẹni tí ẹ ń bẹ̀ yóò mọ̀ pé ìbẹ̀bẹ̀ náà ní òpin. "See someone through": kí á wà pẹ̀lú ẹni títí ìṣòro fi parí. "Her sister saw her through." "Bail out" tóbi jù ìyẹn lọ, ó sì máa ń dà bí ẹni pé ẹni tí a bail out ló fa ọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Ní ọdún 2009, nígbà tí báǹkì ńlá kan ńlá kan ní Èkó fẹ́ rì, báǹkì àpapọ̀ kó bílíọ̀nù 620 náírà fún wọn. Bailout ni gbogbo ìwé ìròyìn pè é, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tó bá wọn yọ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín bá san gbèsè yín, ẹ lè fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé "my brother bailed me out". Ẹ̀gbọ́n ni kò gbọdọ̀ lọ máa sọ fún aráyé pé "I bailed him out".

"Restore" wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Inú Jóẹ́lì orí kejì ẹsẹ 25, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí láti dá ọdún tí eéṣú jẹ padà, ni wọ́n ti sábà máa ń mú un. Ẹ kíyè sí ìlò rẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í sọ nípa ara rẹ̀ pé "I restored". Ẹlòmíràn ló ń ṣe é fún ọ: "He restored me", "I was restored". Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Gowon kéde ọ̀rọ̀ mẹ́ta, reconciliation, rehabilitation àti reconstruction. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú re, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe fún ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé kò tọ́ kí a dúró lé ẹni tó ṣubú lórí kí a máa ka oókan sí ẹ̀wàá.

Ní ti ọ̀fọ̀, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ikú kì í ṣe setback. Setback ni kí nǹkan tó ń lọ síwájú dúró tàbí kó fà sẹ́yìn. Ó ní kí ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, ọ̀nà yẹn ti parí. Ẹ má kọ "sorry about the setback" sí i. Ẹ má kọ "you will get over it". Get over dára fún ibà: "I'm getting over malaria." Fún òkú ọ̀fọ̀, ó ń gé ọkàn. "Get over it" láìsí you will ṣáájú rẹ̀ tún burú jù, èébú ni, ó túmọ̀ sí "ó tó, má yọ wá lẹ́nu mọ́". "Move on" náà, ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ àtisọ ọ́ nípa ara rẹ̀, ní ọjọ́ tó bá wù ú. Ohun tí ẹ lè kọ kúrú: "I am so sorry. I will come and sit with you on Thursday." Kí ẹ sì lọ ní Ọjọ́bọ̀ náà. Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fẹ́ fi kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kò sí òfin tó ní dandan kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ kú àjálù, kí Ọlọ́run tu yín nínú" kò tíì di ohun ìtìjú lórí WhatsApp.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ti na ọwọ́ sókè láti ìgbà díẹ̀. Ó ní òun máa lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì máa bi òun nípa ọdún méjì tí òun kò fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Kí ni kí òun sọ?

Ẹ ṣeun, àbúrò. Ẹ má sọ pé "I was down", ó dà bí ẹni pé ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé "I bounced back", nítorí ọdún méjì kì í ṣe fífò bọ́ọ̀lù, wọn yóò mọ̀. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀gá burúkú tó lé yín. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹ sọ ẹni tó ràn yín lọ́wọ́ ní gbólóhùn kejì, ẹ sọ ibi tí ẹ wà nísinsìnyí ní ẹ̀kẹta. Fún àpẹẹrẹ: "The company closed and I lost my job. My aunt took me into her shop in Sabo and kept her accounts in my hands, and that put me back on my feet. I am ready for full-time work now." Ẹ kíyè sí i pé lost àti put ti kọjá, am jẹ́ ti òní. Ẹ sọ ọ́ sókè nínú ilé lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ má kà á látinú ìwé, torí wọn yóò wo ojú yín. Bí wọ́n bá sì béèrè ohun tí ẹ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí yín, ẹ sọ iye ọjà tí ẹ ń kà lóòjọ́ àti bí ẹ ṣe ń ṣírò rẹ̀ fún wọn. Ẹ dárúkọ àǹtí náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àǹtí yín lónìí bóyá wọ́n gbà kí ẹ fún ilé iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà fóònù wọn.